Shildon: èédú ló bí i ni, àbí ojú irin?

Bí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ ará Darlington pé níbo ni ojú irin ti bẹ̀rẹ̀ láyé, yóò ní ìlú òun ni. Ará Stockton náà yóò ní tòun ni. Àwọn ará Liverpool àti Manchester á ní ojúlówó wà lọ́dọ̀ àwọn, àwọn ará Wales á sì rán yín létí pé ẹ́ńjìnnì sítíìmù ti rìn lórí irin lọ́dọ̀ àwọn láti 1804. Láàárín gbogbo awuyewuye yìí ni ìlú kékeré kan wà ní County Durham, ní àríwá ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó ń jẹ́ Shildon. Ìwé kan á pè é ní ìlú awakùsà, òmíràn á pè é ní ìlú ojú irin, òǹkàwé kò sì ní mọ èyí tí yóò gbàgbọ́.

Èédú ló ṣáájú. Ojú irin dé torí èédú, Shildon sì dé torí pé òkè kan dí ojú irin náà lọ́nà. Ẹni tí kókó mẹ́ta yìí bá yé, ìtàn ìlú náà láti 1825 títí di 1984 kò ní rú u lójú mọ́.

Èédú wà, odò kò sí

Ilẹ̀ Durham kún fún èédú, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo èédú ló rọrùn láti tà. Àwọn tí kòtò wọn wà nítòsí odò Tyne àti odò Wear á kó tiwọn sínú ọkọ̀ ojú omi, ó di London. Èédú agbègbè Bishop Auckland, níbi tí Shildon wà, kò rí odò bẹ́ẹ̀ lò. Ó tó nǹkan bíi máìlì 25 kí ó tó dé Stockton, níbi tí ọkọ̀ ojú omi ti lè gbé e, ẹṣin ló sì ń fà á lójú ọ̀nà ẹlẹ́rẹ̀. Owó ẹrù á ti jẹ gbogbo èrè rẹ̀ tán kí ó tó débẹ̀. Kí ojú irin tó dé, ṣílè 18 ni wọ́n ń ta tọ́ọ̀nù kan ní Stockton. Nígbà tí ojú irin dé, ó wálẹ̀ sí ṣílè 12, nígbà tí 1827 sì wọlé, ó ti di ṣílè 8 àti pẹ́nsì 6. Ohun tí àwọn tó dáwó ojú irin náà, ti Stockton sí Darlington, ń wá nìyẹn. Kò sí ẹni tó kọ́kọ́ rò ó pé èrò ni wọ́n fẹ́ máa gbé.

Edward Pease, oníṣòwò aṣọ onírun ní Darlington tó jẹ́ ọmọ ìjọ Quaker, ló ṣíwájú wọn. Àbá òfin tí wọ́n kọ́kọ́ gbé lọ sílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní 1819 fìdí rẹmi. Lára ohun tó fà á ni pé ọ̀nà náà yóò gba inú igbó tí ọlọ́lá kan, Earl of Darlington, ti máa ń dọdẹ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀. Wọ́n yí ọ̀nà náà padà, ilé aṣòfin sì fọwọ́ sí i ní ọjọ́ 19 oṣù kẹrin 1821.

Ìlà kan wà nínú òfin yẹn tí àwọn tó ń sọ ìtàn yìí máa ń fò, ó sì ṣe pàtàkì gidigidi. John Lambton ní kòtò èédú tirẹ̀ lágbègbè Wear, kò sì fẹ́ kí èédú Auckland wá bá tirẹ̀ du ọjà London. Ó rí i dájú pé wọ́n kọ ọ́ sínú òfin pé bí èédú bá ń lọ sínú ọkọ̀ ojú omi, ilé iṣẹ́ ojú irin kò gbọdọ̀ gbà ju ààbọ̀ pẹ́nì lọ lórí tọ́ọ̀nù kan fún máìlì kan. Èédú tí wọ́n bá ń tà lórí ilẹ̀, wọ́n lè gba pẹ́nsì 4. Lambton gbà pé ààbọ̀ pẹ́nì kò lè bo ìnáwó láéláé. Òdìkejì rẹ̀ ló ṣẹlẹ̀: owó táṣẹ́rẹ́ yẹn mú kí ẹrù rọ́ wá, èédú ọkọ̀ ojú omi tó fẹ́ dínà mọ́ ló sì wá di òpó ilé iṣẹ́ náà. Nígbà tí Stockton kò gbà á mọ́, wọ́n na ojú irin náà dé Middlesbrough ní 1830. Abúlé tí èèyàn rẹ̀ kò ju 154 lọ ní 1831 ni Middlesbrough. Ní 1841, èèyàn 5,463 ló wà níbẹ̀.

Òkè méjì, okùn méjì

Láàárín kòtò èédú tó wà ní apá Witton Park àti ilẹ̀ tó rọra ń sọ̀ lọ sí Stockton, òkè méjì dábùú ọ̀nà: Etherley àti Brusselton. Ẹ́ńjìnnì ayé ìgbà yẹn kò lè gun irú òkè bẹ́ẹ̀. Kẹ̀kẹ́ irin lórí irin kì í rí ohun dì mú. Ìyẹn ló jẹ́ kí ẹṣin kan ṣoṣo lè fa ohun tó ju tọ́ọ̀nù 10 lọ níbi tó tẹ́jú, òun náà ló sì ń jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ máa yí lójú kan láìsún síwájú bí ọ̀nà bá ti gbé orí sókè. Ní Brusselton, bí ẹ bá rin ẹsẹ̀ bàtà 33, ẹ ti gòkè ní ẹsẹ̀ bàtà kan. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn lè má kà á sí. Ọkọ̀ ojú irin kò lè ṣàìkà á sí.

George Stephenson, onímọ̀ ẹ̀rọ tí Pease gbà, kò bá òkè náà jà. Ó gbé ẹ́ńjìnnì sítíìmù dúró gbọn-in sórí òkè kọ̀ọ̀kan, ó sì fi okùn máa fa ọkọ̀ ẹrù gòkè. Ti Etherley ní agbára ẹṣin 30, ti Brusselton ní 60. Bí èédú ṣe ń rìn rèé: wọ́n á kó o sínú ọkọ̀ ẹrù onígi tó ń gba nǹkan bíi tọ́ọ̀nù méjì àti ààbọ̀ ó lé díẹ̀. Okùn á fà á gun Etherley, okùn á sì rọ̀ ọ́ sọ̀ kalẹ̀ lódì kejì. Ẹṣin á wá gbà á, á fà á la àfonífojì odò Gaunless kọjá lórí afárá irin, títí dé ẹsẹ̀ Brusselton. Okùn á tún gbà á níbẹ̀, á fà á gòkè, á sì sọ ọ́ kalẹ̀ sí Shildon. Láti Shildon lọ, ọ̀nà ń sọ̀ tàbí ó tẹ́jú títí dé Stockton, ibẹ̀ sì ni ẹ́ńjìnnì tó ń rìn ti lè ṣiṣẹ́. Ẹrù ń sọ̀ lọ, ọkọ̀ òfìfo ló ń gòkè bọ̀. Ìdí nìyí tí ẹ́ńjìnnì tí kò lágbára púpọ̀ fi lè ṣe é.

Ewu okùn ni pé bí ó bá já, kò sí ohun tí yóò dá ọkọ̀ dúró. Bó bá ń fara nu ilẹ̀, yóò tètè gbó. Wọ́n to àwọn kẹ̀kẹ́ kéékèèké sáàárín irin méjèèjì kí okùn lè máa yí lórí wọn.

Ibi tí okùn ti parí, tí ẹ́ńjìnnì ti gbà á, ni Shildon. Ẹ́ńjìnnì a máa mu omi, a máa jẹ èédú, a sì máa bàjẹ́. Nítorí náà, ilé alágbẹ̀dẹ, ilé ẹ́ńjìnnì àti ilé àwọn òṣìṣẹ́ ní láti wà níbẹ̀. Wọ́n kọ́ wọn sórí ilẹ̀ àbàtà ní ìsàlẹ̀ òkè, wọ́n sì ń pe ibẹ̀ ní New Shildon. Abúlé Shildon àtijọ́ wà lókè. Bí ẹ bá rí máàpù àtijọ́ tó ní Shildon méjì, kì í ṣe àṣìṣe. Lẹ́yìn náà ni méjèèjì di ìlú kan.

Irin fúnra rẹ̀

Irú irin méjì ló wà ní ọjà nígbà náà. Èyí tí wọ́n yọ́ dà sínú àwo ìdárin kò wọ́n tó èkejì, ṣùgbọ́n ó kúrú, ó sì máa ń ṣẹ́ bí ẹ́ńjìnnì wúwo bá gùn ún. Èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀, tí John Birkinshaw gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní Bedlington pé ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ ṣe é láìgbàṣẹ, gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 15. Ó lè tẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣẹ́ bọ̀rọ̀. Stephenson ní ìpín nínú ẹ̀tọ́ irin dídà, síbẹ̀ ó gba Pease nímọ̀ràn pé kí ó ra ti Bedlington. Òótọ́ inú rẹ̀ hàn níbi yìí, ó sì yẹ ká yìn ín. Ní apá ìwọ̀-oòrùn Darlington, wọ́n gbé irin náà sórí òkúta: wọ́n á lu ihò méjì sínú òkúta kọ̀ọ̀kan, wọ́n á ki igi óákù bọ̀ ọ́, wọ́n á wá kan ìdìmú irin mọ́ igi náà. Wọn kò fi igi dábùú láti irin kan sí èkejì bíi tòde òní, torí ẹṣin ní láti rí àárín rìn.

Ààyè tó wà láàárín irin méjèèjì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 4 àti íńṣì 8, ìwọ̀n tí Stephenson bá lára ojú irin kòtò èédú tó ti ṣiṣẹ́ rí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi ààbọ̀ íńṣì kún un kí ọkọ̀ má bàa há. Ìwọ̀n yẹn gan-an, mìlímítà 1,435, ni ojú irin tuntun Èkó sí Ìbàdàn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2021 ń lò. Ojú irin àtijọ́ tó gba Abẹ́òkúta kọjá ló fún ju bẹ́ẹ̀ lọ, mìlímítà 1,067.

Ọjọ́ 27 oṣù kẹsàn-án 1825, àti ohun tí “àkọ́kọ́” túmọ̀ sí

Lọ́jọ́ yẹn, okùn fa ọkọ̀ èédú kọjá òkè méjèèjì, wọ́n sì so wọ́n mọ́ Locomotion No. 1 ní Shildon, nítòsí ilé ọtí Mason's Arms. Ilé iṣẹ́ Robert Stephenson, ọmọ George, ní Newcastle ló ṣe ẹ́ńjìnnì náà. Ìwé ìwọlé 300 ni wọ́n pín, ṣùgbọ́n ó tó èèyàn 600 tó gùn ún, èyí tó pọ̀ jù lára wọn nínú ọkọ̀ èédú. Kẹ̀kẹ́ ọkọ̀ kan yọ lọ́nà, wọ́n já a sílẹ̀. Ẹ́ńjìnnì náà tún dúró fún ìṣẹ́jú 35 fún àtúnṣe. Wákàtí méjì ni wọ́n lò lórí máìlì mẹ́jọ àti ààbọ̀ dé Darlington. Bí a bá yọ ìṣẹ́jú 55 tí wọ́n fi dúró, máìlì mẹ́jọ ni wọ́n ń sá ní wákàtí kan. Ní Darlington, wọ́n pín èédú ọkọ̀ mẹ́fà fún àwọn tálákà.

Ó wá yẹ ká yanjú ọ̀rọ̀ “àkọ́kọ́”. Ọkọ̀ ẹrù tí ẹṣin ń fà lójú irin ti wà ní Durham àti Northumberland láti nǹkan bí 200 ọdún ṣáájú. Richard Trevithick ti mú kí ẹ́ńjìnnì sítíìmù fa ẹrù ní Penydarren, ní Wales, ní 1804, ṣùgbọ́n irin ń fọ́ lábẹ́ rẹ̀. Ojú irin Middleton ní Leeds ti ń fi ẹ́ńjìnnì ṣòwò láti 1812, àmọ́ ti oníkòtò èédú ni, kì í ṣe ti gbogbo èèyàn. Ojú irin Swansea sí Mumbles ti ń gbé èrò ní 1807, ẹṣin ló ń fà á. Ohun tí ojú irin Stockton sí Darlington fi jẹ́ àkọ́kọ́ ni pé gbogbo èèyàn ló lè sanwó lò ó, ó sì ń lo ẹ́ńjìnnì sítíìmù tó ń rìn. Ti Liverpool sí Manchester, tó ṣí ní 1830, ló kọ́kọ́ so ìlú ńlá méjì pọ̀ pẹ̀lú ìlà méjì, tí ẹ́ńjìnnì ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ sì ń fa èrò àti ẹrù. Ìbéèrè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kálukú wọn ń dáhùn, kò sí òpùrọ́ nínú wọn.

Ohun tó máa ń ya èèyàn lẹ́nu jù ni pé lẹ́yìn ọjọ́ ìṣílé, ẹṣin ló tún padà ń gbé èrò títí di 1833. Ìlà kan ṣoṣo ló wà, pẹ̀lú ibi díẹ̀díẹ̀ lójú ọ̀nà tí ọkọ̀ kan lè yà sí kí èkejì kọjá, ẹnikẹ́ni tó bá sì ti sanwó lè gbé ẹṣin àti ọkọ̀ rẹ̀ wọ̀ ọ́. Bí méjì bá pàdé, ìjà dé: ta ni yóò padà sẹ́yìn? Láti 1828, wọ́n ṣe ọkọ̀ kékeré tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀yìn fún ẹṣin. Bí ọ̀nà bá ti ń sọ̀, wọ́n á tú ẹṣin, yóò fò sínú ọkọ̀ yẹn, yóò máa jẹ koríko, yóò sì ti sinmi tán kí iṣẹ́ tó tún kàn án.

Timothy Hackworth

Stephenson ni gbogbo ayé mọ̀. Ní tiwa, Hackworth ló mú kí nǹkan náà ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́. Ọmọ Wylam ni, 1786 ni wọ́n bí i, oníwàásù ìjọ Mẹ́tọ́díìsì sì ni. Ní 1825 ni wọ́n fi í ṣe alábòójútó ẹ́ńjìnnì ní Shildon. Àwọn ẹ́ńjìnnì àkọ́kọ́ kò lè hó omi yára tó bí wọ́n ṣe ń lò ó, wọ́n á dúró lójú ọ̀nà kí sítíìmù tó tún pọ̀. Wọ́n léwu pẹ̀lú: ní ọjọ́ kìíní oṣù keje 1828, ìkòkò omi Locomotion No. 1 bú gbàmù, ó sì pa awakọ̀ rẹ̀.

Ní 1827, Hackworth ṣe Royal George. Ó so kẹ̀kẹ́ mẹ́fà pọ̀ kí gbogbo wọn lè jọ máa fà, kí ìwúwo sì pín lórí irin tí kò lágbára. Ó mú kí ọ̀nà iná gba inú omi lọ dé ìpẹ̀kun, kí ó tún ṣẹ́rí padà, kí iná lè kan omi nígbà méjì. Ó sì darí sítíìmù tó ti lò tán sínú ihò tí èéfín ẹ́ńjìnnì ń gbà jáde, kí ó máa fa afẹ́fẹ́ wọ inú iná: bí ẹ́ńjìnnì bá ṣe ń ṣiṣẹ́ sí ni iná á ṣe máa ran sí. Bí afẹ́fẹ́ yẹn bá le jù, ó ń fa iná gidi jáde, ohun ìdáná á ṣòfò. Ohun tí wọ́n rí lára Sans Pareil, ẹ́ńjìnnì tó gbé lọ síbi ìdíje ẹ́ńjìnnì tí ojú irin Liverpool sí Manchester ṣe ní Rainhill ní 1829, nìyẹn. Sìlíńdà rẹ̀ tún sán, Rocket ti Stephenson sì borí. Ṣùgbọ́n Sans Pareil kò di ohun ìsọnù. Ó ṣiṣẹ́ ní Bolton títí di 1844, lẹ́yìn náà ó ṣiṣẹ́ ní kòtò èédú títí di 1863.

Ilé iṣẹ́ tirẹ̀, Soho Works, ní Shildon, rán ẹ́ńjìnnì lọ sí Rọ́ṣíà ní 1836. Ó tún fi òmíràn, Samson, ránṣẹ́ sí ibi ìwakùsà èédú ní Nova Scotia ní 1838. Ó ṣì wà ní Kánádà dòní. Shildon ni Hackworth kú sí ní 1850.

Àwọn tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀

Kòtò yí ìlú náà ká, irú bíi Black Boy, tí ẹ̀ka ojú irin tirẹ̀ dé ibẹ̀ ní 1827. Awakùsà á gbẹ́ èédú, á fi àwọn òpó èédú sílẹ̀ láti gbé òrùlé ró. Bí wọ́n bá ti gbẹ́ ibẹ̀ tán, wọ́n á padà wá kó àwọn òpó náà, ìgbà yẹn sì ni òrùlé máa ń wó jù. Ìwé àdéhùn ọdọọdún ló so wọ́n mọ́ oníkòtò, ẹni tó bá sì já a lè dèrò ẹ̀wọ̀n. 1872 ni wọ́n tó fòpin sí i ní Durham. Òfin 1842 ló lé àwọn obìnrin àti ọmọkùnrin tí kò tó ọdún 10 kúrò nísàlẹ̀ ilẹ̀.

Ọdún 1842 náà ni wọ́n la ihò gba abẹ́ òkè Shildon, gígùn rẹ̀ lé ní yáàdì 1,200. Nígbà tí ọdún 1850 sí 1860 fi ń parí lọ, ọkọ̀ ti ń gba ibẹ̀ kọjá, okùn Brusselton sì di ohun àtijọ́.

Ìlú ọkọ̀ ẹrù

Ní 1863, ilé iṣẹ́ ojú irin North Eastern Railway gba ojú irin Stockton sí Darlington. Díẹ̀díẹ̀ ni ṣíṣe ẹ́ńjìnnì kó lọ sí Darlington, Shildon sì di ibi tí wọ́n ti ń ṣe ọkọ̀ ẹrù. Àwọn kan ka èyí sí ìrẹ̀sílẹ̀. A kò gbà bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ èédú ni wọ́n ń ṣe, èédú ló sì bí ìlú náà. Ní 1915, wọ́n tilẹ̀ na wáyà iná mànàmáná oní 1,500 fólítì láti Shildon dé Newport nítòsí Middlesbrough, ẹ́ńjìnnì mẹ́wàá ló sì ń fi í kó èédú. Èédú dín kù lẹ́yìn ogun, owó wáyà kò sì wọlé mọ́. Ní 1935, wọ́n padà sí sítíìmù.

Iṣẹ́ tó kẹ́yìn wọn ló gbayì jù. Láti 1965, Shildon ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó lé ní 10,000 ọkọ̀ èédú oní tọ́ọ̀nù 32 fún àwọn ilé iná mànàmáná. Ọkọ̀ yìí ń gba èédú lókè bó ti ń rìn, ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì ń ṣí fúnra rẹ̀ ní ilé iná, láìdúró. Àmọ́ ọkọ̀ tí kì í dúró ń lọ, ó ń bọ̀ léraléra, nítorí náà díẹ̀ ló tó. Ẹrù mìíràn sì ti bọ́ sójú títì. Ní 1982 wọ́n kéde pé wọ́n fẹ́ ti ilé iṣẹ́ náà. Àwọn ará ìlú jà títí, ṣùgbọ́n ó ti pa ní oṣù kẹfà 1984, nígbà tí ìyanṣẹ́lódì ńlá àwọn awakùsà ti bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún kan náà. Kòtò jíjìn tó kẹ́yìn ní Durham, Wearmouth, pa ní 1993.

Ẹni tó bá wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè lọ wò ó. Ọkọ̀ ojú irin Darlington sí Bishop Auckland ń dúró ní Shildon, ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Locomotion tó ṣí ní 2004 sì wà nítòsí ìdíkọ̀. Wọn kì í gba owó ìwọlé. Sans Pareil wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni ilé òkúta tí wọ́n ti ń da èédú sínú ẹ́ńjìnnì láti 1847. Bí ẹ bá fẹ́ rí àwọn òkúta tí wọ́n gbé irin lé, ẹ rìn lọ sí Brusselton. Ihò méjì ni kí ẹ wá lójú òkúta kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì wọ bàtà tó lè tẹ ẹrẹ̀.